Ọkọ̀ Rẹ Ti Tún Ń Nu Ojú Rẹ̀

Ilé Fáṣínà,
Kuje-Àmúwò,
Ẹ̀yìn Fẹ́sítáàkì.
Oṣù Kejì, 1986.

Olúfẹ́mi Àkànmú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kàdúná lọ́hùn-ún? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé ọmọ ti ń rìn? Ọlọ́run tó mú yín sọdá odò Ọya kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà. Ìyá rẹ Rosaline ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, àfi tí iṣẹ́ bá pọ̀ ló tún máa ń rántí pé ó ń dun òun. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́ kíláàsì kejì ni mo kà dé, àmọ́ àwọn tó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù ló ń sùn nínú ilé tí iyanrìn mi kọ́. Gbogbo Fẹ́sítáàkì yẹn, iyanrìn tí èmi Fáṣínà fi ọwọ́ ara mi wà nínú ọ̀sà ló di ògiri wọn mú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n ta ọkọ̀ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, pé Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà tí o ń gbé Fẹ́sítáàkì, yóò wá rà á, àti pé kí n kọ́kọ́ tún wáípà tó ń nu iná iwájú rẹ̀ ṣe, èyí tí mo ránṣẹ́ sí ọ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí pé ọkùnrin náà kò ní ra ọkọ̀ tí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á fún ìyá rẹ náà. Ó dìde lọ bu omi mu.

Kí o má baà rò pé mo pa ọkọ̀ náà tì ni mo ṣe ń ròyìn. O ní kí n máa ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣáná sí i, torí pé ohun tí èèyàn bá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lè gbàgbé ilé. Lóòótọ́ n kò mọ ọkọ̀ wà, àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí i lójú oorun. Màá kí i kú ìrọ̀lẹ́, màá tan iná rẹ̀, wáípà kékeré méjì yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ipin ojú rẹ̀ kúrò. Olúfẹ́mi, mo ti rí ọkọ̀ tó ń nu iwájú, àmọ́ èyí tó ń nu ẹyinjú ara rẹ̀, kò sí ní gbogbo Kuje àfi níwájú ilé Fáṣínà. Àwọn èèyàn máa ń dúró wò ó. Ọ̀jẹ̀túndé, aládùúgbò wa tó máa ń jowú, ní ṣé ọkọ̀ náà ń sunkún olówó rẹ̀ ni. Mo ní kó lọ wo kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tí kò lójú tí yóò fi sunkún.

Ọyẹ́ wá dé, eruku bo ohun gbogbo. Mo ronú pé nígbà tí o wà ní kékeré, tí ọyẹ́ bá dé, òróró àgbọn ni ìyá rẹ fi ń pa ọ́ lójú àti lẹ́sẹ̀ kí ara rẹ má baà là. Irin náà lára. Ni mo bá ń fi òróró àgbọn pa ojú iná méjèèjì, mo sì ń dà á sí ìdí wáípà dáadáa, ojúlówó òróró tí ìyá rẹ sè. Ó dán débi pé mo ń fi í ṣe dígí dé fìlà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ojú òsì kọ̀, kò nu mọ́. Tọ̀tún ń nu, tòsì kàn ń kùn hùn-ùn bí ẹni tí wọ́n jí láàárọ̀ kùtù.

Mo ránṣẹ́ sí Àmúsà, rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà Fẹ́sítáàkì. Ó yọ fíúsì, ó wò ó, ó ní kò jó, pé fíúsì kan náà ló ń bọ́ ojú méjèèjì, tó bá ti kú ni, ojú ọ̀tún ì bá ti kú pẹ̀lú. Ó wá mú gílóòbù kékeré kan tó ní wáyà méjì, ó fi kan ìdí wáípà òsì, gílóòbù tàn. Mo bi í pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Bàbá, kì í ṣe ibà ni òun ń wò, òun ń wò ó bóyá iná dé ibẹ̀ ni, ó sì dé. Ó tú ọwọ́ wáípà kúrò, ó ní kí n tan án, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí i bá yí fìrì. Ó dá ọwọ́ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àmúsà ní kò kú, ẹrù ló wúwo jù fún un. Nígbà tó fa irin ìdí rẹ̀ yọ, òróró àti eruku ti pò pọ̀ bí amọ̀, wọ́n gan irin náà pa. Ó ní ta ló da òróró síbí. Mo ní ẹni tó lọ́gbọ́n ni. Ó ní gírísì ni irin ń lò, èèyàn ló ń pa òróró àgbọn. Mo bi í bóyá irin kan ti fẹjọ́ mi sùn ún rí. Ó fi epo ọkọ̀ fọ̀ ọ́, ó fi gírísì sí i, ó pààrọ̀ kábọ́nù inú ẹ́ńjìnnì kékeré náà tí wàhálà ti jẹ tán. Bí a ti tan án, ojú méjèèjì ń nu pọ̀ bí ìbejì. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́.

Gbádégẹṣin dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó yẹ ọkọ̀ wò láti orí dé ìdí, kò rí àléébù kankan. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ó wá tẹ nǹkan kan lábẹ́ àga, ó ti àga sẹ́yìn, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju tìrẹ lọ.

Olúfẹ́mi, láti ọjọ́ tí o ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga yẹn, kò sẹ́ni tó sún un.

Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ló dé, Bàbá. Mo ní a kò tà mọ́. Ó ní ọmọ yín ló sọ pé kí òun wá. Mo ní inú ìwé ló ti sọ ọ́, kí ọmọ mi wá fi ẹnu sọ ọ́. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní òun náà ní bàbá nílé, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi. Ó fa àga síwájú kó tó lọ, àmọ́ kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ ti sún un síwá sẹ́yìn, ìyá rẹ ní ibí ni, mo ní kì í ṣe ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Owó tí Àmúsà gbà, n kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, Fáṣínà kì í ṣe ẹni tí owó rẹ́wáyà ń dà láàmú. Àmọ́ tí o bá ní díẹ̀ fún wa, má fi gba báǹkì. Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé pé èmi ni Fáṣínà, bẹ́ẹ̀ gbogbo Àmúwò ló mọ̀ mí. Gbé e wá fúnra rẹ. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí o ta ọkọ̀ náà, wá tà á lójú mi, n kò ní bínú, kí n ṣáà ti rí ọ.

Ọlọ́run tó ṣí ọ̀nà àlọ fún ọ yóò ṣí ti àbọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ọmọ rẹ kò ní jìnnà sí ọ tó báyìí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ lẹ́nu ọ̀nà kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fáṣínà.