Iná Tó Ń Ka Bàbá Rẹ

Sí ọmọ mi àkọ́bí, Akọ̀wé,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní já ọ kulẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ń hanrun bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bí méjì, òrùlé ilé ìdáná sì ń jò, mo ti dí i, ó tún ń jò.

Ọ̀rọ̀ iná sólà tí ọ́fíìsì yín rì síwájú ilé ìwòsàn, kí àwọn tí kì í sùn lóru lè rí ibi dúró sí, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ lóru sílẹ̀ ni oorun ti kọ̀ mí. Ẹni tó wá rì í sọ pé ojú kan wà lórí òpó náà tó ń ka àwọn tó bá kọjá, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí iye wọn kò bá tó nǹkan, wọ́n á hú u lọ síbòmíràn. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, torí èmi nìkan ni mò ń lọ síbẹ̀. Mo ní ojú tó bá lè ka èèyàn, á lè dá èèyàn mọ̀. Ni mo bá dé fìlà lọ, mo ṣí fìlà bọ̀, mo da aṣọ òtútù bora lọ, mo fi ìborùn ìyá rẹ wérí bọ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo kàwé mẹ́wàá, mo mọ̀ pé kò dáa. Àbí ó dáa? Mi ò mọ̀ mọ́.

Lóru ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì jáde wá gba atẹ́gùn, ó rí ìborùn, ó ní ẹ kú ààjìn, ìyá Akọ̀wé. Mo fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn. Ó ní háà, ìyá Akọ̀wé ti hu irùngbọ̀n! Mo bá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì jókòó sórí òkúta. Lọ́jọ́ kejì ó pe aṣebúrẹ́dì tó máa ń dúró de ìyẹ̀fun kó wú, lẹ́yìn náà ni ìyàwó télọ̀ gbé ọmọ jòjòló tí kì í sùn wá. A di mẹ́rin, ọmọ ṣìkarùn-ún.

Wàhálà tó kù ni pé bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, iná náà á kú. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń lé wa lọ sùn ni. A wá ń gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á máa ju ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin, kí àwọn yòókù lè ríran sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ó jọ pé ẹni tó ṣe iná yìí rò pé gbogbo ẹni tí kò sùn ló níbi tó ń lọ. Àwa ò lọ síbì kankan. Ẹ bá wa wá ìjókòó tó ṣeé fẹ̀yìn tì, kí iná náà sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn jókòó.

Bí iye yẹn bá dé ọwọ́ yín, tí ẹ rí i pé ó pọ̀, bàbá rẹ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ, kí irọ́ mi má bàa kó bá ọ. Ṣùgbọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má hú u, àwa mẹ́rin yìí kì í ṣe ayédèrú.

Fi owó bàtà ránṣẹ́, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti lu sábẹ́ iná yẹn. Oorun kò ní kọ̀ ọ́. Bó bá sì kọ̀ ọ́, wàá ríbi jókòó, wàá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹnì kan ṣoṣo.