Fódà Tèmi Ṣófo, Ti Ìyá Rẹ Kún

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé wọ́n sì ń rí oorun sùn? Èmi baba rẹ ló ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, bí ìlà bá wọ́, má bínú, orí itan ni mo gbé ìwé lé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ogun àárọ̀, kò sì ní jẹ́ kí o rí tọ̀sán. Kékeré ni abẹ́rẹ́ wà, kì í ṣe mímì fún adìẹ; ìlú ńlá tó o wà yẹn kò ní gbé ọ mì.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, mo gùn ún, mo dí i, ó tún ń jò níbòmíràn. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ó sì jẹ fìlà mi kan. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Sátidé nìkan ni kì í dùn ún. Fọkàn sí ọ̀rọ̀ Sátidé yìí dáadáa o, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò.

Gbogbo Sátidé ni ìyá rẹ máa ń wẹ̀, á fi ìpara para, á sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Tó bá lọ báyìí, ó di wákàtí méjì. Tó bá dé, ẹ̀rín á kún ẹnu rẹ̀, á máa sọ ohun tí àbíkẹ́yìn rẹ ṣe, pé eyín rẹ̀ ti yọ, pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí i, ó ní inú fódà òun ni. Mo ní kí ló ń jẹ́ fódà, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Èmi! Èmi tí mo kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò yìí!

Mo bá tẹ̀ lé e ní Sátidé tó kọjá, mo fara pamọ́ títí ó fi ṣe tán tó lọ, kí n tó wọlé. Obìnrin náà, Ìyá Tọ́ọ̀ṣì là ń pè é nítorí iná tó máa ń so mọ́ iwájú orí, ló ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ ńlá kan lò ń ṣọ́, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn kó fáìlì wọn sí, tí wọ́n sì ń kó o jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ó ní inú rẹ̀ pín sí fódà fódà, bí ilé ṣe pín sí yàrá, fódà sì lè wà nínú fódà, àti pé ọ̀gá rẹ gbà kó o fún èmi àti ìyá rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní téèyàn bá fẹ́ kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, àfi kó kọ́kọ́ padà sí pàlọ̀. Mo sọ fún un pé kápẹ́ńtà tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò mọṣẹ́, kí ló dé tí kò la ilẹ̀kùn kan sáàárín.

Ó wá fi orúkọ mi ṣí i, ó ka ohun tó hàn níta sí mi létí. Fódà ìyá rẹ, fáìlì igba ó lé méjìlá, pẹ̀lú àwọn fódà kéékèèké nínú rẹ̀, ti àwòrán lọ́tọ̀, ti ohùn lọ́tọ̀, ti orin tí àwọn ọmọ kọ lọ́tọ̀. Fódà Baba, òfo. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, òfo náà ni. Mo ní kó jẹ́ kí n yọjú sí ti ìyá rẹ, ni ẹ̀rọ náà bá kọ lẹ́tà pupa sí mi lójú pé wọn kò fún mi láàyè láti wọbẹ̀. Abẹ́rẹ́, ó di ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, kò sí àpótí rẹ̀ tí n kò lè ṣí, torí èmi ni mo kàn wọ́n!

N kò ní purọ́ fún ọ, owú jẹ mí. Ìyá rẹ ló bí ọ lóòótọ́, n kò bá a du ìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló gbé ọ kọ́ èjìká lọ síléèwé nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ọ́? Ṣé ìyá rẹ mọ ayùn fà ni? Igba ó lé méjìlá, òfo!

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìyá rẹ ní o sọ fún òun pé ọ̀gá yín ti pàṣẹ kí ẹ tún inú ẹ̀rọ náà ṣe níparí oṣù yìí. Ó ní fódà tí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣófo, yíyọ ni. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀, ó sì ń bó iṣu rẹ̀ lọ. Yàrá kan ṣoṣo tí mo ní lọ́dọ̀ ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ wó yẹn o.

Mo rò ó títí, mo ní bóyá pákó fódà tèmi ti jẹrà ni kò jẹ́ kó o lè kó nǹkan sí i. Mo bá wọ ìsọ̀ mi lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kan fódà tuntun, pákó líle gidi, dúrọ́ọ̀ ńlá kan, dúrọ́ọ̀ kéékèèké mẹ́ta nínú rẹ̀, mo fi ìfági fá a títí ó fi ń dán, mo kọ BABA sí i lára. Àná ni awakọ̀ tó ń kó pákó gbé e. Ibi iṣẹ́ rẹ ló ń gbé e bọ̀ tààrà, mo sì ti ní kó wo ẹnu ẹ̀rọ náà dáadáa bóyá ó máa gbà á.

Láàárọ̀ yìí ni mo lọ bá Ìyá Tọ́ọ̀ṣì pé kó bá mi sọ fún ọ kó o máa retí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn ká ní ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó, ó ní fódà kì í ṣe pákó, inú iná mànàmáná lásán ló wà. Ó ní ìyá rẹ ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú tirẹ̀ ní Sátidé, ìwọ ń dá a lóhùn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kún. Ó wá fi déètì hàn mí. Tèmi lo kọ́kọ́ dá, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ lo tó dá ti ìyá rẹ.

Mo délé, mo ko ìyá rẹ lójú. Ó kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀. Ó ní lóòótọ́ lo máa ń béèrè mi ní gbogbo Sátidé, òun sì máa ń dáhùn pé ọwọ́ mi dí, torí òun mọ̀ pé bí mo bá fi lè débẹ̀ pẹ́nrẹ́n, èmi lo máa gbájú mọ́. Owú ń jẹ òun náà! Inú bí mi, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn bá dé, jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín níwájú ọ̀gá rẹ, bàtà àwọn ọmọ ni kó o kó sí i.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti dátà àti ti ìṣó, torí pákó tó yẹ kí n fi ṣe òrùlé ilé ìdáná ti wà lójú ọ̀nà lọ́dọ̀ rẹ. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, àwọn ọmọ rẹ kò ní gbàgbé ohùn rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò sì ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìyá Tọ́ọ̀ṣì máa ya àwòrán lẹ́tà yìí, á sì fi sínú fódà mi. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ níparí oṣù, wọ́n á bá mi nílé. Ọdún mẹ́rin lo ti fi ṣí i sílẹ̀ dè mí, ọmọ mi, mo ti wọlé. Dá mi lóhùn níbẹ̀, kó o tó dá ìyá rẹ lóhùn.

Èmi ni baba rẹ.