Ihò Tó Tó Bíró Nínú Orí Ẹ́ńjìnnì

                                                            Yàrá Kẹta, Òkè Kejì,
                                                            Ilé Ìdánwò Ẹ́ńjìnnì.
                                                            Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ní ẹlẹgbẹ́,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé ara le? Orúnkún òsì yín tó máa ń dùn yín tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣé ó ti ń gbọ́ tiyín báyìí? Bàbá Olómi ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn bíi pé ẹni tó ń ka ìròyìn ń gbọ́ wọn? Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́, àti ajá aláriwo yẹn? Ṣé ẹ ń sinmi bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì máa sinmi, àbí gbogbo àdúgbò ṣì ń wá fi ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dí ìsinmi yín lọ́wọ́? Èmi náà wà bí mo ṣe wà. Ó ti tó. Ẹ mọ̀ pé ìkíni gígùn kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Ẹ kọ̀wé sí mi ní oṣù méjì sẹ́yìn pé Olómi fi ẹkún pè yín lórí fóònù, pé kí n sọ òtítọ́ fún yín bóyá kí ọmọ yín kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa bọ̀ nílé. Mi ò dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ ni. Ìdáhùn ti dé báyìí. Kò ní bọ̀. Orí ẹ́ńjìnnì tí ọmọ yín yà sórí ìwé, tí a sì fi irin rọ, ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí láìsinmi. Kò sán, kò jò, omi kan ò ro sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó fi máa yangàn. Nínú ẹ́ńjìnnì, epo ń jó, èéfín gbígbóná á sì gba ihò mẹ́rin jáde ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, páìpù irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mánífóòdù, la máa ń fi bóòtì dè mọ́ ibẹ̀ kí ó kó èéfín náà lọ sínú sàlẹ́ńsà. Ó wúwo, ó ń gba àyè, ooru rẹ̀ sì ń ṣòfò. Olómi ní kí a sọ páìpù yẹn nù. Ó ní kí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé nínú orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kí ẹnu kan ṣoṣo yọ síta, kí omi sì yí gbogbo rẹ̀ ká, yàrá omi kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ooru tó ń ṣòfò á wá máa mú ẹ́ńjìnnì yá gágá láàárọ̀, kìlò mẹ́rin á sì bọ́ lára ọkọ̀. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó sùn dáadáa, ọ̀rọ̀ omi ni yóò fi dá yín lóhùn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí iná mẹ́rin bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn àgbà. Ìkòkò tí omi wà nínú rẹ̀ kì í jóná. Ibi tí omi ò bá kàn ní ń jó. Bí omi bá sì hó, oru rẹ̀ á lọ kó jọ sí òkè yàrá ìsàlẹ̀, á dúró síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, omi ò sì ní ráyè kan irin mọ́. Nítorí náà Olómi ya ihò kan sí ibi tó ga jù lọ, tó tó kí bíró wọ̀ ọ́, kí oru náà lè gba ibẹ̀ bọ́ sí yàrá òkè. Ihò kan péré. Ẹ fi ihò yẹn sọ́kàn.

Ibi tí wọ́n ti ń bá wa yọ́ irin wà ní òdìkejì ìlú, Bàbá Oníyanrìn sì ni olórí wọn níbẹ̀. Yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe ihò inú irin. Wọ́n á po ó mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á yan án títí á fi le bíi bísíkíìtì, wọ́n á tò ó sínú àpótí, wọ́n á wá da irin yíyọ́ lé e. Tó bá tutù, wọ́n á gbọn yanrìn dànù, ibi tí yanrìn wà á di ihò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá ti ń ṣe é. Abẹ kan tó fi ayùn àtijọ́ rọ kì í kúrò lápò àyà rẹ̀, òun ló sì fi ń fá ara yanrìn bí onígbàjámọ̀, títí á fi máa dán. Ó máa ń sọ pé ohunkóhun tí kò bá dán, òun kọ́ lòun ṣe é.

Bàbá yìí ní àṣà kan. Ẹni tó ya iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ kan yanrìn níwájú rẹ̀ kí iná tó kàn án. Wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á fi ìka tẹ̀lé gbogbo kọ́lọ́fín rẹ̀, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè pé kí ni tibí, kí ni tọ̀hún. Àfọwọ́kàn ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ mẹ́rin ló sì ń gbà. Nígbà tí ètò iṣẹ́ dé iwájú mi, mo rí ọjọ́ mẹ́rin tí àgbàlagbà méjì fẹ́ fi máa pa yanrìn lórí bí ọmọ ìkókó, mo fi bíró wọ́gi lé e. Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò. Kíákíá ni gbogbo wọn ń pè mí níbí, mo sì ń jẹ́ ẹ bí oyè.

Orí àkọ́kọ́ sán ní wákàtí kọkànlélọ́gọ́ta. Èkejì sán ní wákàtí kejìdínlọ́gọ́ta, ní ojú ibi kan náà gẹ́lẹ́, níbi tí ọ̀nà èéfín ti pàdé. Ọ̀gá Àgbà pe ìpàdé. Ó gbé mánífóòdù irin kan ka orí tábìlì bí ẹni gbé pàṣán síwájú ọmọ, ó ní bí ẹ̀kẹta ò bá ṣiṣẹ́ irinwó wákàtí kí oṣù kẹjọ tó parí, a ó padà sí èyí tó wà lórí tábìlì yìí, Olómi á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ láti lọ máa ya bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Ọmọ yín ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe nígbà mẹ́rìnlá, kò rí àṣìṣe, ó sì ti ń gbà pé òun ò mọ iṣẹ́. Ó tẹ̀ lé mi dé yàrá mi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, "Èyí kọ́ ni omi tí a gbà ọ́ sí iṣẹ́ fún." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé dé etí yín lórí fóònù. Mo sọ ọ́, mi ò ní sẹ́ ẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹnì kan kọ àbọ̀ ìwádìí, ẹlòmíràn kọ àbọ̀ lórí àbọ̀. Wọ́n to orí méjèèjì tó sán sórí pẹpẹ, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ wọn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí yóò fi kàn wá lórí ìlà níbi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú irin, irú èyí tí ẹ fi ń wo egungun ní ọsibítù yín. Ìgbà wo ló máa kàn wá? Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní òkú kì í tò sórí ìlà, kí wọ́n gbé e sábẹ́ ayùn. Olómi ní ẹ̀rí la fẹ́ bà jẹ́. Mo ní ẹ̀rí tí a ò lè wò kò yàtọ̀ sí òkúta. Mo ní kí wọ́n pe Bàbá Oníyanrìn náà wá, kó wá fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ayùn la orí àkọ́kọ́ sí méjì bí ẹni la ìbẹ́pẹ. Olómi ti ìka rẹ̀ bọ yàrá omi ìsàlẹ̀, ó ń wá òkè rẹ̀ káàkiri. Ó mú wáyà kan, ó tún fi wáyà wá a. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá ni ọmọ yín máa ń pè mí, kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ yẹn ó gbàgbé.

"Àǹtí mi," ló wí, "ihò mi dà?"

Kò sí ihò níbẹ̀. Irin ló dí gbogbo ibẹ̀ pa, ó dán bí àwo. Bàbá Oníyanrìn fi awò sójú, ó fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó yọ abẹ inú àpò àyà rẹ̀, ó rọra fi lé orí tábìlì.

"Èmi ni mo fá a," ló wí. "Ohun kékeré kan yọ lórí yanrìn bí ẹ̀gún. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Mo bi í pé, "Èkejì ńkọ́?"

"Ìyẹn tiẹ̀ tún yọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fá a kanlẹ̀." Ẹ̀gún yanrìn yẹn ni ì bá di ihò Olómi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ẹnu mi. Mo ti ya á láti fi bàbá náà wọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Olómi ló ń wò.

"Ọmọ mi," ló wí, "ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, kò sí ẹni tó ya iṣẹ́ fún mi tí kò wá fọwọ́ kàn án. Mo fi ọjọ́ méjì retí rẹ. Ta ló ní kí o má wá mọ́?"

Olómi wo ilẹ̀. Kò dárúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀. Láti oṣù bíi mélòó ló ti mọ̀, kò fìgbà kan sọ ọ́ nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń nà án lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ ọ.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, bíró ara mi ni mo rí níbẹ̀. Mo ní, "Èmi ni." Mo sì gbéra lójú ẹsẹ̀, torí pé ohun tí mo bá ní kí n sọ lọ́la kì í dùn lẹ́nu mi ju tòní lọ. Mo gbé ìlàjì orí ẹ́ńjìnnì náà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, mo gbé e ka iwájú rẹ̀, mo ní ìyà tó bá wà fún orí méjì tó sán, èmi ló tọ́ sí. Ó wo irin náà, ó wò mí, ó ní ṣé Kíákíá náà lè sọ pé òun kánjú jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má sì jẹ́ kí ó di àṣà. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ọjọ́ kan kún ti tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹjọ náà ni, irinwó wákàtí náà ni.

Mo dá ọjọ́ mẹ́rin padà sínú ètò. Olómi lọ sọ́dọ̀ Bàbá, wọ́n fọwọ́ kan yanrìn ẹ̀kẹta láti òkè délẹ̀. Mo gbọ́ pé ìjà dé. Bàbá ní ẹ̀gún náà tín-ín-rín jù, pé bí òun ò bá fá a, irin yíyọ́ á gbé e lọ. Olómi ní bí ó bá nípọn jù, gbogbo omi á gba ibẹ̀ sá lọ. Wọ́n fi gbogbo ọ̀sán jiyàn lórí ohun tí kò tó ìka, wọ́n sì jọ mú ìwọ̀n tuntun jáde. Ẹ̀gún náà nípọn nídìí, ó sì tín-ín-rín lókè. Ẹ wò ó, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ fá a ní ti àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo pè ní eré ni iṣẹ́ gan-an.

A tan ẹ́ńjìnnì ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ó pé wákàtí mọ́kànlélọ́gọ́ta, gbogbo ilé iṣẹ́ ló rí nǹkan wá ṣe ní yàrá ìdánwò. Akọ̀wé wá béèrè gọ́ọ̀mù. Ọ̀gá Àgbà ní òun ń wá awò ojú òun, ó sì wà lójú rẹ̀. Wákàtí náà dé, ó kọjá, ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń wo òun. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ibi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé dúró sábẹ́ ìlà pupa bí ọmọ tó gbọ́ràn. Ọgọ́rùn-ún wákàtí. Igba. Lọ́jọ́ tó pé irinwó, Ọ̀gá Àgbà ní kí a pa á. Olómi ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí, níwájú gbogbo wa. Ó ní òun ya á fún iṣẹ́, òun ò yà á fún gbèdéke. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tí a tú u, a fi oògùn aláwọ̀ pupa tó máa ń wọ inú ibi tó bá sán kùn ún, a nù ún, a wò ó. Kò sí ìlà kan. Bàbá Oníyanrìn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo yàrá sì gbà á. Orí ẹ́ńjìnnì Olómi la ó máa lò fún gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wa láti ọdún tó ń bọ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń yà á. Mánífóòdù irin Ọ̀gá Àgbà la fi ń dí ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó wúlò gan-an níbẹ̀.

Mo ní kò ní bọ̀ nílé. Ó ń bọ̀ wá kí yín. Ó tọrọ ọjọ́ mẹ́wàá ìsinmi, mo kọ mẹ́rìnlá sí i. Bí ó bá béèrè ìdí, ẹ sọ fún un pé mẹ́rin yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Olómi, ẹ ní kí wọ́n pa rédíò lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n gbọ́ ìròyìn gidi. Ẹ kí àwọn ọmọ àti gbogbo aládùúgbò ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ fi òróró pa orúnkún yẹn.

Ó ku ohun kan. Lánàá, Bàbá Oníyanrìn wá sí yàrá mi, ó gbé ìlàjì orí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ó ti fá ara rẹ̀ dán, ó sì ti lu ihò tó sọnù náà síbi tó yẹ kí ó wà. Ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó mú bíró mi nílẹ̀, ó tì í bọ inú ihò náà. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó ní, "Ọ̀gá Kíákíá, ilé rẹ̀ rèé. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́gi lé nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ti yọ ọ́." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti yọ bíró tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín. Mo fẹ́ dá a padà síbẹ̀ báyìí.

Èmi ni àbúrò yín, tí kò jókòó pẹ́ tó báyìí rí,

Kíákíá.