Ṣòkòtò Márùn-ún Tí Mo Lẹ̀ Lórúnkún

Abà Akínlabí,
Ọ̀nà Ìkirè.
Ọjọ́ Ajé.

Ṣèyílọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara le, ṣé àgbàrá òjò ò tíì wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ l'Ájah? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ọ̀sà yóò máa ṣọ́ ọ, ojú kò sì ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àwa náà ò burú níbí. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ wa sì bí méjì, ọ̀kan nínú wọn funfun báláú, Wòlíì Joshua ti ní kí n má tà á, pé kí a fi í sílẹ̀ de ìkórè ìjọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ìyẹn ti àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn tí o ní wọ́n ń tẹ̀lé ọ nínú fóònù. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Wòlíì, wọ́n bi mí bóyá wọ́n ń tẹ̀lé ọ délé, mo ní n kò mọ̀, ni gbogbo ìjọ bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí wọ́n padà lẹ́yìn rẹ. Bí wọ́n bá ti ń dín kù, jẹ́ kí n mọ̀ kí n lè ṣe ìdúpẹ́.

Ìyá Olúwadábírà tó múlé tì wá náà bi mí pé kí ló dé tí o máa ń rán orúkọ rẹ mọ́ inú aṣọ tí o bá rán. Mo ní ṣebí orí láìnì ni o ti ń tajà, ẹni tó bá sá aṣọ sórí okùn n'Ékòó láìkọ orúkọ sí i, wọ́n á kó o lọ ni. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bí òjò bá ti ṣú, máa tètè kó wọn wọlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Nígbà tí Bùsàrí, ọmọ Àlájì ẹ̀yìnkùlé wa tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé ní Lakowe, gbé báàgì rẹ wálé, ó ní o ní kí n bá ọ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ìràwọ̀ sí àpò ṣòkòtò márùn-ún, bí mo ṣe máa ń ṣe é sára sùtánà àwọn ará ìjọ. Mo tú báàgì, mo rí i pé gbogbo wọn ló ya lórúnkún. Mo rò pé Bùsàrí ló jẹ́ kí wáyà ya wọ́n lọ́nà, mo ti ń lọ bá ìyá rẹ̀, ó wá búra pé bí o ṣe fún òun nìyẹn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé irú ìyà wo ló ń jẹ ọmọ mi tó fi ń ta àkísà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì wọ́n. Mo gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì wa, mo fi aṣọ ìṣẹ́po méjì bò ó, mo lẹ orúnkún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nítorí àwa tí a ń kúnlẹ̀ gbàdúrà fún wákàtí mẹ́ta mọ ohun tí orúnkún ń fẹ́. Ìràwọ̀ tí o bẹ̀ mí sí gan-an ni n kò ráyè ṣe kí Bùsàrí tó gbé wọn padà fún ọ.

Ìgbà tí o wá pè mí, tí o ní, "Màámi, yíya yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ mi," ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ya wọ́n fún oge. O ní Àǹtí Ọmọ́wùnmí tó fẹ́ gbé wọn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Onírù ti dá márààrún padà, pé aṣọ oge lòun ní kí o kó wá, kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló tíì ṣílẹ̀kùn fún ọ láti ọdún méjì. Mo gbọ́ bí o ṣe ń fa imú. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ ní ẹni tó bá rí aṣọ tó ya tí kò lẹ̀ ẹ́, ọ̀lẹ ni, àmọ́ èmi mọ̀ pé ọjà rẹ ni mo bà jẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Èmi bẹ̀ ọ́, Ṣèyí, má bínú.

Àfi bí Bùsàrí ṣe dé lánàá tó ní kí n nu omi ojú mi nù. Ó ní òun yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, òun rí àwọn ṣòkòtò náà ní kọ̀rọ̀, òun sì ra ọ̀kan. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ lẹ táìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn yòókù ń fọwọ́ ra orúnkún, òun ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn, Ọláyọdé, bi í pé ta ló rán an, ó yí ìbàdí ṣòkòtò síta, wọ́n ka orúkọ rẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí wọ́n ti ra mẹ́rin tó kù, àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mìíràn sì ń béèrè, títí kan àwọn tó ń kọ́lé ní VGC. Ó ní o kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, o wá mú téèpù, o bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹsẹ̀ àwọn onítáìsì níkọ̀ọ̀kan, pé aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni o fẹ́ máa rán báyìí.

Ìwé tí o fi rán an náà dé ọwọ́ mi, èyí tí o ní kí n fọwọ́ sí kí ìjọba lè mọ̀ pé dàrẹ́kítọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ ni mí. Ọ̀gá ilé-ìwé abà wa ní dàrẹ́kítọ̀ ni ẹni tó ń darí èèyàn, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo darí pé kí o máa jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo darí pé kí o fún ọmọbìnrin tó ń wọ aṣọ rẹ nínú fọ́tò, èyí tí kì í rẹ́rìn-ín, ní gàárì tí mo fi rán Bùsàrí, ebi ló ń pa á. Ìyá Olúwadábírà àti Bàṣírát aládùúgbò wa ti gbà láti bá wa lẹ orúnkún.

Ó wá kù sọ́wọ́ rẹ o. Fi owó òwú ránṣẹ́, àti ti abẹ́rẹ́ ńlá, àti ti bẹ́líìtì máṣíìnì mi tó já. Fi ti fóòmù kún un kíákíá, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí bàbá rẹ ń sùn sí ni mo ti ń gé e, wọ́n sì ti ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Aṣọ tí o bá rán yóò gbó sára ẹni tó rà á, ìwọ kò ní gbó sídìí máṣíìnì. Ọlọ́run yóò fi orúkọ rẹ sẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́, yóò sì fi owó sápò wọn kí wọ́n lè san tìrẹ. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, àti dàrẹ́kítọ̀ rẹ,
Ìyá Ṣèyílọ́lá.