Kí Ẹnikẹ́ni Má Kúrò ní Yàrá Ìránṣọ

Èmi, aránṣọ tó ń gbé lókè ilé ìpoògùn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọlọ́pàá bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò wọ aṣọ ìjọba rí, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Orúkọ mi ní kíkún wà lára káàdì tí lọ́ọ́yà so mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Ẹnì kankan kò fi pè mí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹ má wá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn pé orí mi pé, iyè mi sì jí pépé. Ojú nìkan ló ń ríran bàìbàì, ojú kò sì sí lára ohun tí òfin ní kí èèyàn fi hágún. Èmi ni mo ń sọ, lọ́ọ́yà ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti gba ìbúra lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ní fo ọ̀rọ̀ kankan, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ìkíní. Mo fi lọ́ọ́yà yìí àti ọmọ mi obìnrin ṣe alámòójútó ogún mi. Kí wọ́n ka ìwé yìí sétí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, nínú yàrá ìránṣọ mi, nígbà tí mo ṣì wà láàyè.

Lọ́ọ́yà ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní nínú gbogbo ìtàn ọ̀daràn tí mo ti gbọ́, ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìhágún ló máa ń dùn jù. Ìyàwó òkú a dákú, àbúrò òkú a máa làágùn, ẹnì kan a sì dìde pé irọ́ ni. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ní tèmi, orí àga mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni n ó wà, n ó sì máa gbọ́ bí oníkálukú ṣe ń mí. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni dókítà fẹ́ la àyà mi láti tún ọkàn mi ṣe. Ó ní ó ṣeé ṣe kí n jí, ó sì ṣeé ṣe kí n má jí. Ìdí tó fi jẹ́ Sátidé nìyẹn.

Ìkejì. Mo fún ọmọ mi obìnrin ní ilé yìí, láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Òun ni apoògùn tó wà nísàlẹ̀. Òun ló ń fún mi ní oògùn láràárọ̀, òun ló mọ èyí tó lè pa èèyàn nínú wọn, òun náà ló sì máa jogún ilé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá gbọ́n díẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ mú. Nítorí náà mo kéde níwájú òfin pé tí mo bá kú, kì í ṣe òun ló pa mí.

N kò sọ pé n kò ṣọ́ ọ o. Lọ́jọ́ tó pààrọ̀ oògùn mi láti funfun sí pupa láìsọ fún mi, mo ha díẹ̀ sínú mílíìkì ológbò. Ológbò náà sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ náà nìyẹn, n kò sì rí ẹ̀rí kankan dì mú. Kí ológbò náà, tó ń jẹ́ Afurasí, bá ilé lọ.

Ìkẹta. Gbogbo aṣọ tí mo ti rán ní àdúgbò yìí ló ní àpò ìkọ̀kọ̀ kan lábẹ́ abíyá òsì. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí, n kò sì gbowó rẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ti kú nínú ìtàn nítorí pé wọn kò ríbi fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí nígbà tí apànìyàn ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Láti òní lọ, mo fi àpò oníkálukú fún un. Kí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ má bínú sí mi. Mo gbọ́ pé wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ní kó ṣàlàyé ohun tó ń fi àpò ibẹ̀ ṣe, òun náà sì búra pé òun ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọ̀kọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìkẹrin. Mo fún olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ní bẹ́ǹṣì onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, nítorí òun ló jókòó sí i títí tó fi gbó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin yìí fi ń gbé ṣòkòtò kan náà wá fún àtúnṣe, tí yóò jókòó títí orí ìtàn tí wọ́n ń kà fún mi yóò fi parí. Mo kọ́kọ́ rò pé apànìyàn ni. Ta ni ṣòkòtò rẹ̀ máa ń ya lórúnkún kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Mo wá fọwọ́ tọ́ ojú ibi tó ya wò, ó gún régé. Abẹ ló gé e, kì í ṣe ìṣó. Ó ń fi abẹ ya ṣòkòtò ara rẹ̀ kó lè rí mi. Mo mọ̀, n kò sọ nǹkan kan, nítorí inú mi ń dùn sí i. Lọ́ọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, a sì ní kó mú ọ̀kan. Ó ní bẹ́ǹṣì lòun fẹ́. Ó lè máa wọ ṣòkòtò tó dáa wá báyìí.

Ìkarùn-ún. Ó wá kan àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òkùnkùn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló wà ní òdìkejì títì yìí, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a kò ti kí ara wa. Mo dá gbogbo ìwé ìtàn òkùnkùn tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi padà fún un, mo sì fi gbogbo ìwé ìtàn ọ̀daràn tèmi kún un.

Nígbà tí a jọ wà nínú yàrá kan, ẹnì kan a máa ránṣọ, ẹnì kejì a máa kàwé sókè, nítorí ojú aránṣọ kò lè wà lára abẹ́rẹ́ kó tún wà lára ìwé. Òwúrọ̀ ni ti ìtàn ọ̀daràn, òun ló ń kà á fún mi. Ọ̀sán ni ti ìtàn òkùnkùn, èmi ni mo ń kà á fún un: ọba tí kò ní òjìji, tó ń yá ti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀, ìlú abẹ́ kànga tí àwọn òkú ti ń bá onílé jà nítorí òrùlé tó ń jò. Mo máa ń pòṣé bí mo ṣe ń kà á. Mo máa ń ní, ta ló ń yá òjìji wọ̀? Kí n sọ òótọ́ níwájú òfin: ọba yẹn kò jẹ́ kí n lè pa iná sùn, mo sì gbádùn rẹ̀ débi pé mò ń sáré jẹun ọ̀sán. Òfin kan ṣoṣo la fi lélẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má dá kàwé ṣíwájú èkejì.

Ìkẹfà. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo dá àbúrò mi láre.

Ìwé tí a kà kẹ́yìn dá lórí ọkùnrin kan tí wọ́n bá lókùú nínú yàrá tí wọ́n tì láti inú. Èmi ti mú alásè pé òun ló pa á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń bú alásè láti ìdí ẹ̀rọ mi, àbúrò mi ní kí n yé bú ẹni ẹlẹ́ni. Mo dá ẹ̀rọ dúró. Báwo ló ṣe mọ̀ pé alásè kò mọwọ́ mẹsẹ̀? Mo wádìí lẹ́nu rẹ̀ síwá sẹ́yìn, bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ń ṣe, títí ó fi jẹ́wọ́ pé òun ti dá ìwé náà kà tán. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó fi ìbínú pariwo pé olùtọ́jú ọgbà ló pa á, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì sọdá títì. Kò sọ ìdí tí olùtọ́jú ọgbà fi ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ apànìyàn tí n kò mọ ìdí, n kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún mi.

Nígbà tí ojú mi wá ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìwé wa àtijọ́ kà fún mi. Ó mú àwọn tí a kà lọ́dún tí ọkọ mi kú. Mo rò pé ìwé mìíràn ló ń kà. Nínú ìwé kìíní, ọkọ ìyáálé ilé kú sórí àga rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi kà á fún mi, ọkọ yẹn rìnrìn àjò ni. Nínú ìkejì, ọkọ kú ní ilé ìwòsàn. Lẹ́nu àbúrò mi, ó lọ kọ́ṣẹ́ oyin sísìn lókè òkun. Nínú ìkẹta, wọ́n yìnbọn pa ọkọ ní ojú ìwé kìíní gan-an. Àbúrò mi ní ó wọ ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ọlọ́pàá ìlú sì ń wá a fún igba ojú ìwé láti kí i kú àbọ̀.

Mo rántí pé mò ń sọ fún àwọn oníbàárà lọ́dún náà pé àwọn òǹkọ̀wé ayé ìsinsìnyí fẹ́ràn ìrìn àjò jù. Mo tún rántí pé n kò sunkún nínú yàrá yẹn rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ fo òkú nínú ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òkú wà. Ìdí tó fi ń kàwé ṣíwájú mi nìyẹn. Gbogbo ẹ̀rí wà níwájú mi, èmi Ìyá Ọlọ́pàá, aláìṣẹ̀ ni mo mú. Lọ́jọ́ tó yé mi, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ràn àbúrò mi, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gidigidi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sọdá títì. Mo sọdá. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní mo fẹ́ ra òwú dúdú. Ó tà á fún mi láìgbójú sókè. Mo tún lọ, mo tún ra òwú. Òwú dúdú tó wà nílé mi báyìí tó rán aṣọ ọ̀fọ̀ fún gbogbo ìlú. Ọmọ mi pè é, kò wá. Ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ nínú ìtàn kankan pé wọ́n dárúkọ èèyàn nínú ìwé ìhágún tí kò yọjú.

Ìkeje. Mo fún àbúrò mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àga tó máa ń jókòó lé kàwé, àti ìwé tí a kò kà parí, tó wà lórí àga náà. Okùn tí mo fi ń wọn aṣọ ló wà níbi tí a dúró sí. Kí ó kà á fún mi láti ibẹ̀ dé òpin, lọ́jọ́ Sátidé yìí kan náà. Mo fẹ́ mọ ìdí. Kí lọ́ọ́yà ti ilẹ̀kùn, kó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò abẹ́ abíyá òsì rẹ̀, èmi ni mo rán ẹ̀wù rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kúrò ní yàrá títí ìtàn yóò fi parí. Kí àbúrò mi má fo òkú kankan. Mo ti lè gbọ́ ọ báyìí.

Tí mo bá jí lọ́jọ́ Ajé, kó máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Ojú mi kò lè ka ti ọba tí kò ní òjìji fún un mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n sórí.

Ìkẹjọ. Tí n kò bá jí, àbúrò mi ni kó sọ fún àdúgbò, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo mọ ohun tó máa fẹ́ ṣe. Kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo rìnrìn àjò. Kó sọ pé mo kú, kó sọ ọ́ sókè, kó sì sunkún, òun tó ti ń bá mi tọ́jú ẹkún tèmi láti ọjọ́ yìí.

Mo fi ọwọ́ mi sí i, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, èmi aránṣọ òkè ilé ìpoògùn.

Ẹlẹ́rìí kìíní: oníbàtà ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tí kò jogún nǹkan kan, tó sì ní òun ò bínú.

Ẹlẹ́rìí kejì: nọ́ọ̀sì tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tí a dá dúró.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́: lọ́ọ́yà. N kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo ti rí àpò náà.