Áàpù Tí Kò Gba Ìbejì

Daddy mi àtàtà,

Wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà níbi iṣẹ́ mi lókè òkun. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún. Mo wà nílé báyìí, ní Ọ̀fà, lórí àga yín. Ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe inú Yorùbá mi, ẹ fi báírò pupa yẹn sílẹ̀ lónìí.

Ẹ rántí áàpù kékeré tí mo ṣe, kí àwọn tíṣà lè máa fi fóònù máàkì rẹ́jísítà? Inú yín dùn débi pé ẹ gbé e lọ sí ilé ìwé tí ẹ ti ṣe ọ̀gá rí ní Ìjagbó. Lẹ́yìn náà ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn yín sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ó kí mi, ẹ ó kí iṣẹ́, ẹ ó kí òtútù, ẹ ó kí onílé mi tí ẹ ò mọ̀ rí. Mo rò pé ìkíni náà ni gbogbo rẹ̀. N ó gbọ́ díẹ̀, n ó pa á, n ó fèsì pé ẹ ṣé, sà.

Ẹ̀yìn ìsìnkú yín ni Mummy kan tó ń kọ́ kíláàsì kejì ní ilé ìwé náà là mí lójú. Tí ọmọ méjì bá ní orúkọ bàbá kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà, áàpù mi á rò pé ọmọ kan ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, á sì yọ ìkejì kúrò. Ọmọ Yorùbá ni mí, Daddy. Báwo ni mo ṣe gbàgbé ìbejì? Àwọn tíṣà ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: Ọ̀gá, áàpù ọmọ yín tún ti jẹ Kẹ́hìndé o! Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní mo ń tún un ṣe lọ́wọ́. Láràárọ̀ ni ẹ ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, tẹ̀yin ti orúnkún tó ń dùn yín, kí ẹ lè fọwọ́ kọ orúkọ àwọn tí áàpù yọ sínú ìwé.

Lánàá, mo gbọ́ àwọn ohùn náà dé ìparí. Lẹ́yìn gbogbo ìkíni, ọ̀rọ̀ ìbejì ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹ ò bínú nínú ọ̀kankan. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí kí ẹ bú mi? Ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi ni?

Mo tún un ṣe lónìí. Mo fi Táíwò àti Kẹ́hìndé dán an wò, ó gba àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni, Daddy. Ogún ìṣẹ́jú péré.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tètè gbọ́.