Ìyàwó Kì í Ṣe Olùtọ́jú

Cwm Llechi,
Wales.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá.

Àǹtí Menna mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Kánádà. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbà á ládùúrà pé kí òtútù ibẹ̀ má ṣe yín léṣe lọ́dún yìí. Ní tiwa, òjò kò tíì dá láti oṣù kẹsàn-án, a ṣáà ń mí.

Ó ti yẹ kí n kọ̀wé sí yín tipẹ́. Ifor àbúrò yín ti gbàgbé mi. Àìsàn ìgbàgbé yẹn ti kó orúkọ mi lọ pátápátá. Orúkọ yín ló fi ń pè mí. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Àǹtí Menna, ṣé Mọ́mì ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé?" Mo máa ń ní, "Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Beti aládùúgbò wa, tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ló sọ fún mi pé ìjọba ìbílẹ̀ máa ń dín owó orí ilé kù fún ẹni tó bá ń tọ́jú ẹbí rẹ̀ nínú ilé. Wọ́n ti dín tirẹ̀. Inú mi dùn, nítorí láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí Ifor, owó yẹn ló ń lé oorun lójú mi jù.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ló dá mi lóhùn. Ó ní bó bá ku àgbàlagbà kan ṣoṣo tí àwọn ń kà nínú ilé, àwọn á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà. Wọn kò ka Ifor mọ́ nítorí àìsàn rẹ̀. Ó ku èmi àti Iestyn ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wàràkàṣì. Mo ní kí wọ́n yọ èmi náà kúrò lára àwọn tí wọ́n ń kà, torí èmi ni olùtọ́jú. Ó wojú mi, ó ní, "Mà, ká ní ẹ̀gbọ́n yín ni, tàbí àbúrò yín, ǹ bá ti yọ yín báyìí báyìí. Ṣùgbọ́n ọkọ yín ni. Lójú òfin, ìyàwó kì í ṣe olùtọ́jú. Ẹ má bínú." Àǹtí mi, ọkọ mi gan-an ò mọ̀ mọ́ pé ìyàwó òun ni mí. Ìjọba nìkan ló ṣì rántí.

Nígbà tí mo rò ó fún Beti, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ náà! Ta ló ní kó o fẹ́ ẹ?" Èmi náà rín in títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Iestyn gbọ́. Nídìí oúnjẹ ọjọ́ Sunday, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo pọ̀ jù níbí. Bí mo bá kó jáde, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n á kà." Mo ní, "Pa ẹnu ẹ dé! Ta ni yóò máa bá mi gbé bàbá ẹ?" Ó ní òun á máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, kò gbọ́. Ó gba yàrá kan nílùú Bangor. Àánú mi ló ṣe é, kì í ṣe àfojúdi.

Wọ́n dín owó náà lóòótọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Ifor yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀. Ẹ mọ bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó. Mo gbìyànjú láti gbé e, n kò lè gbé e. Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orí rẹ̀, mo jókòó tì í lórí ilẹ̀ tútù títí Beti fi gbọ́ igbe mi. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Kò padà wálé láti ọsibítù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wà báyìí. Kò sẹ́ni tí mò ń tọ́jú mọ́. Wọ́n ṣì ń dín owó náà, torí mo ti di ẹni tó ń dá gbé.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò jẹun mọ́. Tíì nìkan ló ń mu, ìyẹn náà kò ju ẹnu kan lọ. Bí ẹ bá lè wá, ẹ tètè máa bọ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Kó má ṣe jẹ́ kí àwọn tiyín di àjèjì sí yín láyé.

Èmi ni, ìyàwó àbúrò yín,
Eluned.

Mo tún rántí: mo ti bẹ Iestyn kó padà wálé, mo ní kí ìjọba gba owó wọn. Ó ní òun ò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀ yẹn mọ́ láéláé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pè é. Kì í gbé ìpè mi mọ́.